Ẹ Bi Wá, A Dá Yín Lóhùn: Adájọ́ Wright àti ìwé tí ó fọwọ́ sí

Nínú ìwé ìròyìn wa tó jáde ṣáájú èyí, a kọ ìlà mẹ́rin péré nípa Jonathan Jasper Wright, pé òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nínú ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, àti pé South Carolina ni ìpínlẹ̀ náà. Ìlà mẹ́rin yẹn fa lẹ́tà púpọ̀ wá sórí tábìlì mi. Inú mi dùn sí i, nítorí ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ti kó àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀ sójú kan, mo sì fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ fún èyí tó le jù nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ẹ ní ọdún 1870 ni ọkùnrin yìí di adájọ́. Ogun abẹ́lé tó fòpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà, ọdún 1865 ló parí. Báwo ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko ẹrú jáde ṣe kàwé láàárín ọdún márùn-ún débi tí wọ́n fi lè fi í ṣe adájọ́?
— Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì

Ẹ kú ìsinmi, olùkọ́ wa. Ìṣirò yín tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè tún ohun kan ṣe: Wright kò ṣe ẹrú rí. Ìhà Àríwá ni wọ́n bí i sí, ní Pennsylvania, ní ọjọ́ 11, oṣù kejì, ọdún 1840. Láti ọdún 1780 ni ìpínlẹ̀ yẹn ti ṣòfin pé kí oko ẹrú máa kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà inú òmìnira ni wọ́n bí ọmọ náà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òmìnira ọ̀hún ní ibi tó mọ.

Ọmọ tálákà ni. Ìgbà òtútù, tí iṣẹ́ oko bá dáwọ́ dúró, ló máa ń ráyè lọ sílé ẹ̀kọ́. Ìyókù ọdún, oko àwọn aládùúgbò ló ń bá wọn ṣe. Owó kékeré tí ó rí fi pamọ́ ló fi wọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ithaca, ní ìpínlẹ̀ New York. Nígbà tó padà sílé, ó wọ ọ́fíìsì àwọn lọ́yà, ó ń ka ìwé òfin níbẹ̀ fún ọdún méjì, ó sì ń fi iṣẹ́ tíṣà bọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó tún lo ọdún kan lọ́fíìsì adájọ́ kan ní Wilkes-Barre. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ́ iṣẹ́ òfin láyé ìgbà náà. Wọn kì í lọ sí yunifásítì. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́, tí yóò máa ka ìwé ọ̀gá, tí yóò máa da ìwé ẹjọ́ kọ, títí ọ̀gá yóò fi sọ pé ó tó lọ síwájú àwọn olùdánwò.

Ibẹ̀ ni ìdènà dé. Ó tọrọ pé kí wọ́n dán òun wò, àwọn ìgbìmọ̀ olùdánwò sì kọ̀ jálẹ̀. Kò sí ohun tó fà á ju àwọ̀ ara rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1865, ẹgbẹ́ American Missionary Association rán an lọ sí Beaufort ní etíkun South Carolina, láti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú àti fún àwọn sójà aláwọ̀ dúdú. Nígbà tó padà dé Pennsylvania, wọ́n gbà láti dán an wò, ó yege, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ náà gbà ní lọ́yà. Kò jókòó síbẹ̀. Ọ̀gágun Oliver O. Howard, olórí àjọ Freedmen’s Bureau tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn tó gba òmìnira, fi í ṣe agbaninímọ̀ràn lórí òfin, ó sì tún forí lé Beaufort. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó máa gba àwọn ènìyàn tí wọn kò lè ka ìwé tí wọ́n tẹ̀ka sí nímọ̀ràn. Ẹni tí wọ́n fi ṣe adájọ́ ní ọdún 1870 ti jẹ́ tíṣà àti lọ́yà fún irú àwọn ènìyàn tó wà nínú ẹjọ́ tí yóò máa gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni mí. Mo rò pé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ kan ṣoṣo ló wà ní Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní Washington. Kí ni ti ìpínlẹ̀? Ta ló sì yan Wright, ààrẹ ni tàbí gómìnà?
— Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta

Kì í ṣe ààrẹ, kì í sì í ṣe gómìnà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ní ìwé òfin tirẹ̀ àti ilé-ẹjọ́ tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti òfin ìpínlẹ̀ nìkan, bóyá ti ilẹ̀, ti ogún, ti àdéhùn tàbí ti ọ̀daràn, ilé-ẹjọ́ tó ga jù nínú ìpínlẹ̀ náà ló ní ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn; ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan òfin àpapọ̀ ni ti Washington tó lè dá sí i. Orúkọ wọn kò dọ́gba o, ẹ ṣọ́ra fún èyí nígbà tí ẹ bá ń kàwé. Ní New York, ilé-ẹjọ́ tó ń jẹ́ “Supreme Court” kọ́ ló ga jù. “Court of Appeals” ni.

Ní South Carolina, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ń dìbò yan adájọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni títí di òní. Ìwé òfin ọdún 1868 ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà pé kí adájọ́ jẹ́ mẹ́ta, adájọ́ àgbà kan àti méjì tí yóò máa bá a jókòó, kí sáà wọn sì jẹ́ ọdún mẹ́fà. Wright wà lára àwọn tó kọ ìwé òfin yẹn. Láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kẹta ọdún 1868 ni àwọn aṣojú fi jókòó ní Charleston, tí àwọn aláwọ̀ dúdú sì pọ̀ jù nínú wọn. Beaufort ló rán an lọ, apá tó dá lórí ilé-ẹjọ́ sì wà lára ibi tó ti fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́. N kò lè kọjá lórí ìwé òfin náà láì dúró díẹ̀: òun ló kọ́kọ́ pàṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún gbogbo ọmọ ní ìpínlẹ̀ tí ó ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin tẹ́lẹ̀ láti kọ́ ọmọ ẹrú ní ìwé kíkọ, òun ló sì mú un kúrò pé olówó tàbí onílẹ̀ nìkan ló lè di ipò òṣèlú mú.

Lẹ́yìn èyí, Beaufort dìbò yàn án sí ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀. Nígbà tí Solomon Hoge, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta, fi ipò sílẹ̀ láti lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀, àyè ṣí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 1, oṣù kejì, ọdún 1870, wọ́n dìbò yan Wright láti parí sáà Hoge. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ó pé ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún un yàn fún ọdún mẹ́fà gbáko.

Ṣé ó kọ ìdájọ́ gan-an, àbí wọ́n kàn fi í síbẹ̀ fún àfihàn ni?
— Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan

Ó kọ ọ́. Nínú nǹkan bí ẹjọ́ 425 tí ilé-ẹjọ́ náà gbọ́ nígbà tó wà níbẹ̀, bí 90 ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdájọ́ wọn, wọ́n sì wà nínú ìwé àkójọ ìdájọ́ ìpínlẹ̀ náà títí di òní. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ariwo kankan: gbèsè, ilẹ̀, ìwé ìhágún, ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé ẹjọ́ wá. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ máa ń ṣe lójoojúmọ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí ẹni tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún àfihàn lè fi ọdún méje ṣe.

Mo kà á níbì kan pé ó pe ilé-iṣẹ́ rélùwéè kan lẹ́jọ́. Ṣé òótọ́ ni?
— Awakọ̀ kan

Òótọ́ ni. Ó san owó àyè onípò kìn-ín-ní, wọ́n sì lé e jáde níbẹ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù, ó jàre, wọ́n sì san 1,200 dọ́là fún un. Owó ńlá ni láyé ìgbà náà.

Olóòtú, ẹ má bínú sí mi. Ohun tí èmi mọ̀ nípa ọkùnrin yìí ni pé ó fọwọ́ sí ìdájọ́ kan ní ọdún 1877, ọjọ́ méjì kò sì tíì kọjá dáadáa tó fi ní òun kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Irú adájọ́ wo nìyẹn? Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti tẹ́.
— Agbẹjọ́rò kan tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́

Ẹ kò ṣẹ̀ mí rárá. Ìbéèrè tí mo ń retí nìyí.

Ìbò gómìnà tí wọ́n dì ní oṣù kọkànlá ọdún 1876 ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Daniel H. Chamberlain ni gómìnà tó wà lórí àlééfà, ẹgbẹ́ Republican tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń tẹ̀lé sì ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bá a du ipò ni Wade Hampton ti ẹgbẹ́ Democrat, ọ̀gágun tó jà fún ìhà Gúúsù nígbà ogun abẹ́lé. Ìbò náà kò mọ́. Àwọn ọmọlẹ́yìn Hampton ń wọ ẹ̀wù pupa, wọ́n ń gun ẹṣin káàkiri ìgbèríko pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ní Hamburg, ìlú kan ní South Carolina, àwọn aláwọ̀ funfun tó dìhámọ́ra ti mú àwọn aláwọ̀ dúdú kan, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti wà ní ìkáwọ́ wọn. Lẹ́yìn ìbò, ìgbìmọ̀ tó ń ka ìbò fagi lé ti ẹkùn méjì, Edgefield àti Laurens, ariwo sì sọ. Nígbà tí oṣù kejìlá fi máa parí, Chamberlain àti Hampton ti búra wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ilé aṣòfin sì ti pín sí méjì. Àwọn àgbà ní ọba kì í pé méjì láàfin. Ní Columbia, tí í ṣe olú-ìlú South Carolina, gómìnà pé méjì fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé e dé ilé-ẹjọ́ mú ọgbọ́n dání. Ẹlẹ́wọ̀n kan wà tí ń jẹ́ Tilda Norris. Hampton kọ ìwé ìdáríjì fún un, ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n sì kọ̀ láti tú u sílẹ̀ nítorí pé Chamberlain ni òun mọ̀ ní gómìnà. Norris gba ilé-ẹjọ́ lọ. Bí ìwé ìdáríjì yẹn bá múlẹ̀, a jẹ́ pé Hampton ni gómìnà. Bí kò bá múlẹ̀, kì í ṣe òun. Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ odindi wá rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n kan ṣoṣo.

Adájọ́ mẹ́ta ló yẹ kó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Franklin Moses, adájọ́ àgbà, ti dùbúlẹ̀ àìsàn, oṣù kẹta ló sì kú. Ó ku Wright àti Ammiel Willard, aláwọ̀ funfun láti New York tó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Àríwá wá sí ìhà Gúúsù. Ní ọjọ́ 27, oṣù kejì, ọdún 1877, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí àṣẹ pé kí wọ́n tú Norris sílẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Wright gbé ìwé mìíràn kalẹ̀ pé òun ti yí èrò òun padà, pé kí àṣẹ tí òun fọwọ́ sí di asán ní ti òun. Willard dúró lórí tirẹ̀.

Agbẹjọ́rò wa, lórí ìfọwọ́sí àkọ́kọ́, mo gbà pẹ̀lú yín. Adájọ́ tí kò dá lójú kò gbọdọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ìwé, pàápàá jù lọ ìwé tí àwọn ènìyàn ń dúró dè tìbọn-tìbọn níta. Bí ó bá ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ méjì sí i láti ronú, kò sí ẹni tó lè fi bá a wí lónìí. Ibi tí ọ̀nà wa ti pínyà ni ìwé kejì. Ẹ wo ọjọ́ tó kọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń parí kíka ìbò ààrẹ ní Washington, tí ó já sí ti Rutherford Hayes ní ọjọ́ 2, oṣù kẹta. Gbogbo ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ òṣèlú ló sì ti ń gbọ́ ọ pé àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ tó gbé Chamberlain dúró kò ní pẹ́ kúrò. Wọ́n kúrò lóòótọ́ ní ọjọ́ 10, oṣù kẹrin, Chamberlain sì kó jáde ní ọjọ́ kejì. Ẹni tó ń wá ire ara rẹ̀ yóò jẹ́ kí ìfọwọ́sí àkọ́kọ́ wà bẹ́ẹ̀, Hampton yóò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Ìwé kejì kò lè mú èrè kankan wá fún Wright. Ewu nìkan ló lè mú wá, ewu náà sì dé. Ní tèmi, ọkùnrin tí wọ́n ká mọ́ ló fọwọ́ sí èkíní, ọkùnrin tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn ló kọ èkejì. Ẹ lè má gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín kí ẹ fi ìdájọ́ 90 yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan òṣùwọ̀n kí ẹ tó fi ọjọ́ méjì sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Wọ́n ní ọ̀mùtí ni, pé ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ nìyẹn. Kí lẹ rí sí i?
— Ìyá kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín láti ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ ṣé, Mà. Ẹ̀sùn ọtí àmujù ni ilé aṣòfin tó wọlé pẹ̀lú Hampton fi kàn án nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ láti yọ ọ́ nípò. Ó sẹ́ ẹ̀sùn náà. Wọn kò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ parí, nítorí pé ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1877, ó sì kúrò pátápátá ní ọjọ́ 1, oṣù kejìlá. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé wọ́n yọ ọ́ nítorí ọtí ń sọ ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan.

Agbẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà; wọ́n tún sọ nílẹ̀ wa bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni kejì. Inú ilé-ẹjọ́ kan náà ni Willard àti Wright wà, wọ́n jọ sìn fún ọdún méje, wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé kan náà. Ilé aṣòfin kan náà tó ń wá ọ̀nà láti lé Wright ló gbé Willard ga, tó fi í ṣe adájọ́ àgbà rọ́pò Moses tó kú.

Kí ló wá ṣe lẹ́yìn ìgbà náà? Ǹjẹ́ aláwọ̀ dúdú mìíràn jókòó sórí àga yẹn mọ́?
— Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè. Wright lọ ń ṣe lọ́yà ní Charleston. Ó tún ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní ìmọ̀ òfin fún Claflin, yunifásítì tó wà ní Orangeburg ní ìpínlẹ̀ kan náà, bí àwọn lọ́yà Pennsylvania ṣe kọ́ òun náà nígbà èwe. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní Charleston, ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1885, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n kọ ìwé òfin tuntun ní South Carolina láti fi gba ìbò kúrò lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, kò sí aláwọ̀ dúdú mìíràn ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù nínú ìpínlẹ̀ kankan títí di ọdún 1961, nígbà tí Otis Smith dé ti Michigan.

Ní South Carolina, ó di ọdún 1985, ọdún 108 lẹ́yìn tí Wright jáde. Ẹni tó wọlé ni Ernest Finney, tí Claflin fún ní oyè ní ọdún 1952. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ òfin ní ọdún 1954, kò sí ọ́fíìsì lọ́yà tó fẹ́ gbà á. Ó ń ṣe tíṣà, ó sì ń gbé oúnjẹ fún àwọn àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Myrtle Beach. Hòtẹ́ẹ̀lì náà ni ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ìpínlẹ̀ ti ṣe ìpàdé ọdún wọn, ìpàdé tí kò sí àyè fún lọ́yà aláwọ̀ dúdú nínú rẹ̀, Finney tó ti gba ìwé ẹ̀rí lọ́yà sì ń gbé àwo wọlé, ó ń kó àwo jáde láàárín wọn. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ló dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Sumter. Ó wọ ilé aṣòfin ní ọdún 1972, ó di adájọ́ ní ọdún 1976, ó dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní 1985, ó sì jẹ́ adájọ́ àgbà láti 1994 títí ó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2000.

Ní ọdún 1961, Finney gba ẹjọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́sàn-án rò ní Rock Hill, tí wọ́n mú nítorí pé wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ tó jẹ́ ti aláwọ̀ funfun nìkan. Wọ́n dá wọn lẹ́bi. Àwọn ọmọ náà kò san owó ìtanràn, wọ́n yàn láti fi ọgbọ̀n ọjọ́ ṣiṣẹ́ àṣekára. Ní ọjọ́ 28, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2015, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, Finney padà sí kọ́ọ̀tù ní Rock Hill lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ó dìde níwájú adájọ́, ó sì tọrọ pé kí wọ́n pa ẹ̀bi àwọn oníbàárà òun rẹ́. Adájọ́ náà gbà, ó sì pa á rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.